Àwọn Fọ́tò Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Láti Perugia

Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí di òní pé mo di onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ Ítálì, pé ìdí nìyẹn tí n kò fi ní yàrá kankan nínú ilé bàbá mi. Àwọn tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ti kú tán. Ó ku ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Gáníyù, tí wọ́n ń pè ní Alhaji báyìí. Mo ti dákẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Wọ́n rò pé ìtìjú ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ìbínú ni. Kò sì tíì tán nínú mi, òun ni mo fi ń kọ ìwé yìí.

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí owó náírà dé ni mo kúrò ní Èkó. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan nígbà náà, wọ́n sì fún mi láàyè láti lọ kọ́ èdè Ítálì fún ọdún kan ní ìlú Perugia. Ọdún kan di méjì, ó di mẹ́rin. N kò ní sọ ti ọkọ̀ òfuurufú àti ti ìwé ìrìnnà, gbogbo ènìyàn ló ti sọ tiwọn.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni pé ìlú náà kò tẹ́jú. Orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, àtẹ̀gùn ni òpópónà wọn, ilé kan á wà lókè orí ilé kejì bí ìgbà tí ènìyàn to àpótí. Ọmọ erékùṣù ni mí. Ní Èkó, bí o bá rìn títí, omi ni wàá bá. Ní Perugia, bí mo bá rìn títí dé ìparí òpópónà, n ó kàn rí òfuurufú, pẹ̀lú àwọn ìlú kéékèèké lórí àwọn òkè mìíràn lókèèrè, funfun, bí ẹyin tí ẹnì kan fi pamọ́ sínú koríko. Ẹnu odi ìlú náà ti wà níbẹ̀ kí àwọn ará Róòmù tó dé. Òkúta ibẹ̀ tóbi ju ènìyàn lọ, síbẹ̀ àwọn obìnrin á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú búrẹ́dì lábíyá, wọn kò ní gbójú sókè. Èmi ni wọ́n máa ń wò.

Ilé àlejò àwọn sísítà Kátólíìkì kan ni mo ń gbé, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti gbà láti yá mi ní yàrá. Nígbà tí ọdún kan tí ìjọba san owó rẹ̀ parí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Èmi tí mo ka ìwé Ṣekisípíà fún àwọn ọmọ Èkó ni mo ń fi ọwọ́ méjèèjì fún omi lára aṣọ tí àlejò fi sùn. Ẹni tí a jọ ń fọ̀ ọ́ ni Graziella, ọmọbìnrin àgbẹ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó bi mí bóyá a ní òṣùpá ní Áfíríkà. Mo sọ fún un pé a ní méjì. Ó gbà mí gbọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Àìkú ló nira jù. Ní ilé wa, ọjọ́ Àìkú ni ilé máa ń kún: àwọn àbúrò bàbá mi á dé, àwọn ìyàwó á máa bá ara wọn jà nítorí ẹ̀rọ omi, ẹni tó ń gé irun á gbé àga sójú ọ̀nà. Ní Perugia, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, n ó sì máa gbóòórùn ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní pè mí sí. Ara mi kò gba jíjókòó. Mo máa ń dìde, mo máa ń jókòó, mo máa ń ka òkúta tó wà lára ògiri òdìkejì. Nígbà tó yá, mo kúkú ń lọ sí ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì tó bá kọ́kọ́ fẹ́ gbéra ni mo ń wọ̀, n kì í bi wọ́n léèrè ibi tó ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ gbogbo agbègbè náà, tó fi jẹ́ pé n kò mọ Ìkòyí tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ sí Spello, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gba ẹnu odi Róòmù wọlé sílé wọn, tí ère mẹ́ta tó ti bàjẹ́ ń wò wọ́n láti òkè. Mo lọ sí Gubbio ní ìsàlẹ̀ òkè gíga kan. Gbọ̀ngán ìṣeré àwọn ará Róòmù wà níta ìlú náà, àgùntàn ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú omi kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ wà láàárín ìlú, tí wọ́n ní ẹni tó bá sáré yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta ti di wèrè tí ìlú fọwọ́ sí. Mo sáré yí i ká lẹ́ẹ̀mẹfà. Graziella ní èmi ni wèrè tó ya wèrè jù tí òun tíì rí, pé mo gba ìwé ẹ̀rí lẹ́ẹ̀mejì.

Mo lọ sí Assisi, ìlú tí òkúta rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀ bí oòrùn bá ń wọ̀. Ilé òrìṣà àwọn ará Róòmù kan ń bẹ níbẹ̀, opó mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn opó yẹn ṣì dúró bí ẹni tí kò gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Mo lọ sí Orvieto, tí wọ́n tẹ̀ dó sórí àpáta kan tó dà bí àwo tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga kan síbẹ̀ tí àtẹ̀gùn méjì ń yí ká nínú rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń lọ pọn omi á gba ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, á gba ìkejì gòkè, kò ní pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo sọ̀ dé ìsàlẹ̀, mo sì dúró níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ara mi balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ wọn, bóyá nítorí pé ibẹ̀ tutù, tí ó sì ń rùn bí ẹ̀yìnkùlé wa lásìkò òjò.

Ní ẹ̀bá Perugia gan-an, sàréè kan wà lábẹ́ ilẹ̀, ti ìdílé kan tó ti kú láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Wọ́n kọ́ ọ bí ilé: pálọ̀ ní àárín, yàrá ní ọ̀tún àti ní òsì. Bàbá ilé wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tilẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì yí i ká. Ó jọ ilé wa tó fi jẹ́ pé mo fẹ́ kí wọn.

Mo fẹ́ kí bàbá mi rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Graziella ní kámẹ́rà, ó sì máa ń yá wa. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo fọ́tò nílé. Mo ya ti sàréè yẹn, n kò fi ránṣẹ́. Ta ni yóò fi fọ́tò ara rẹ̀ níbi ibojì ránṣẹ́ sí bàbá tó ti darúgbó? Wọ́n á ní mo ti kú, tàbí mo ń kú lọ. Mo ya ti gbọ̀ngán Gubbio, n kò fi ránṣẹ́. Bọ̀dá Gáníyù á gbé e kiri pé inú àlàpà ni mo ń gbé. Ti kànga ńkọ́? Ó ṣókùnkùn, wọn kò ní rí mi. Ohun tó bá dán ni mo ń yàn, ibi tó bá lógo, tí òkúta funfun àti wúrà wà. Ní àwọn ìlú wọ̀nyẹn, ohun tó dán jù ní àárín ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Fọ́tò márùn-ún ni mo fi ránṣẹ́ láàárín ọdún méjì, mo sì dúró síwájú ṣọ́ọ̀ṣì nínú máràrùn-ún. Mo fi ìborùn ìyá mi borí, nítorí èyí ni mo ti máa ń ṣe láti kékeré.

Bàbá mi mọ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rántí. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń lọ sí pósítọ́fíìsì láti pe tẹlifóònù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ọjà Balógun. A ti fi àkókò sí i, bàbá á ti wá jókòó dè mí láti àárọ̀, nínú agbádá, bí ẹni tó ń lọ kí ọba. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ilé ta ni ilé oníwúrà tí mo dúró síwájú rẹ̀ ní Orvieto.

Mo ní, "Ilé àdúrà wọn ni, Bàbá. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún láti kọ́ ọ."

Ó ní, "Kọntirátọ̀ Èkó ni wọ́n gbé e fún nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi gé wa. Ó ti lẹ fọ́tò yẹn mọ́ ògiri pálọ̀, lókè àga rẹ̀.

Ní oṣù kan, mo pe tẹlifóònù náà, ohùn Bọ̀dá Gáníyù ni mo gbọ́. Òun ni àkọ́bí bàbá wa, ọmọ ìyáálé. Èmi nìkan ni ìyá tèmi bí. Ó sọ fún mi pé bàbá ti kú, pé wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè kàn sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ kan náà ló ti máa ń gba lẹ́tà mi lọ́wọ́ oníwèé. Mo ní n ó máa bọ̀. Ó ní, "Wá ṣe kí ni? A ti ṣe fídáù. Dúró síbi iṣẹ́ rẹ." Mo jáde, mo jókòó lórí àtẹ̀gùn pósítọ́fíìsì. Ìyá àgbà kan tí n kò mọ̀ rí wá jókòó tì mí, ó fún mi ní èso kan. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó ṣe fún mi ju bí àwọn ará ilé mi ti ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ mi yí padà. Obìnrin kan tó ní bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò gbọ́ pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mú mi láti máa sọ ìtàn àwọn ìlú náà fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ fojú inú wò ó: èmi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo dúró níwájú bọ́ọ̀sì, mo ń sọ fún àwọn òyìnbó bí òyìnbó ṣe gbé ayé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin kan bi mí bóyá mo ti dé ibi tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Mo ní kí ó máa tẹ̀lé mi, kí ó sì máa ṣọ́ orí rẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn tó kàn kúrú. Kò ṣọ́ ọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbọ́ mi láti ìgbà náà lọ. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ ìtàn ìlú onílùú tán, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, tí wọ́n wọ ọkọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ sáré. N kò mọ ibi tí n ó sá lọ. N kò tíì rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó béèrè ìtàn tèmi.

Lẹ́tà Màmá Rísì ló bá mi lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, òun ló tọ́ mi nígbà tí ìyá mi kú. Kò mọ̀wé, ó bẹ ẹnì kan kọ ọ́. Ó ní wọ́n ti pín ogún bàbá. Ó ní Gáníyù kó àwọn fọ́tò mi síwájú àwọn àáfà, ó ní mo ti di onígbàgbọ́, àwọn àáfà sì sọ pé ẹni tó bá ti fi ẹ̀sìn sílẹ̀ kò lè jogún mùsùlùmí. Ó ní wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyá mi, wọ́n kó àpótí rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bí o bá tètè dé," ó ní kí wọ́n kọ ọ́, "wọn kò tíì wó ògiri."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé yàrá yẹn. Nínú gbogbo yàrá ilé wa, òun nìkan ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà. Ìyá mi ti ń ran aṣọ níbẹ̀, inú rẹ̀ ló bí mi sí, inú rẹ̀ ló kú sí. Ìlérí bàbá mi ni pé tèmi ni, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ. Léèsì ni Bọ̀dá Gáníyù ń tà, ó sì ti ń wo fèrèsé náà láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá mi. Bí ènìyàn bá wó ògiri rẹ̀ sójú ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù ni. N kò ní ibòmíràn láyé tí mo lè pè ní tèmi. Nínú gbogbo ìlú tí mo ń sáré wọ̀, tí mo ń sáré jáde, yàrá yẹn ni mo rò pé ó ń dúró dè mí.

Mo gba ààyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá sílé. Wọ́n pe ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nínú pálọ̀ bàbá mi. Àáfà àgbà àdúgbò wá jókòó sórí ẹní, Màmá Rísì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn yòókù tò yí ká. Àwọn fọ́tò mi wà nílẹ̀ láàárín wa. Ẹ̀yìn ọ̀kan ti fàya níbi tí wọ́n ti yọ ọ́ lára ògiri.

Bọ̀dá Gáníyù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n wo àdírẹ́sì tó wà lára àwọn lẹ́tà mi, orúkọ ẹni mímọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé pé gbogbo òpópónà wọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù pàápàá. Ó ní ilé àwọn sísítà ni mo ń gbé. Mo ní mo ń fọṣọ níbẹ̀. Ó mú fọ́tò Assisi.

"Orí tó o bò bí sísítà yìí ńkọ́?"

"Ìborùn ìyá mi ni, Bọ̀dá. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ rà á fún un nígbà Iléyá."

Ẹnì kan wúkọ́. Mo rí i pé ó dùn ún, mo sì tẹ̀síwájú. Mo ní òun náà ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Olówógbowó lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbéyàwó, fọ́tò náà wà nínú yàrá rẹ̀ báyìí.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ló ń gbéyàwó. Ta ló ń gbéyàwó níwájú èyí? Ṣé ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo ṣègbéyàwó ni?"

Pálọ̀ dàrú fún ẹ̀rín. Àáfà àgbà gbé ọwọ́ sókè. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, n kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Mo gbàgbọ́ pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Fọ́tò kò lè jẹ́rìí ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn. Ìwọ ṣáà ka kàlímà síwájú wa níbí, kí etí gbogbo wa gbọ́ ọ. A ó gba yàrá ìyá rẹ padà fún ọ lónìí."

Gbogbo ojú yí sí mi. Gbólóhùn méjì péré ni ìjẹ́rìí náà: pé Ọlọ́run kan ló wà, pé Ànábì ni Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ orúkọ ara mi. Ó ti wà lórí ahọ́n mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ síta. Ìgbà náà ni mo wo Bọ̀dá Gáníyù, mo sì rí i pé ó ń dúró. Kò bẹ̀rù rárá. Bí mo bá kà á, á di pé òótọ́ ni òun ti ń sọ látẹ̀yìnwá, pé mo ṣẹ́ ẹ̀sìn mi nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, pé nítorí yàrá ni mo ṣe padà.

Mo ní, "Àáfà, ẹ ṣeun. Ẹni tó bá jáde ni ẹ lè ní kó wọlé. Èmi kò jáde."

Màmá Rísì fi ìkúnlẹ̀ wá bá mi láti ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ mi, kà á. Mo fi ọmú ìyá rẹ bẹ̀ ọ́. Kà á, kí o gba yàrá rẹ, kí a lọ jẹun."

"Bí mo bá kà á, Màmá, òní ni wọ́n á máa pè ní ọjọ́ tí mo di mùsùlùmí."

"Kí wọ́n máa pè é. Ìwọ á ti wà nínú yàrá."

Obìnrin náà gbọ́n jù mí lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn pàápàá. Bí àwọn kan bá ń sọ pé ìgbéraga ló gba yàrá lọ́wọ́ mi, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ pẹ̀lú pé ìgbéraga nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi láti jogún.

Bọ̀dá Gáníyù dìde. Ó ní, "Ẹ ti gbọ́. Wọ́n ní kó kà á, ó kọ̀. Ìpàdé ti parí." Kò sí ẹni tó ta kò ó. Àwọn kan ti ń wá bàtà wọn.

Bí wọ́n ti ń dìde ni ládàánì mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun aláàsárì. Àáfà ní kí wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá, kí a kírun kí oníkálukú tó lọ. Mo jáde, mo bu omi, mo ṣe àlùwàlá níbi tí mo ti máa ń ṣe é láti kékeré. Ìyàwó kan ń ṣe tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fún mi láàyè. Mo dúró sínú ìlà àwọn obìnrin, èjìká mi kan ti Màmá Rísì, mo sì gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í ka aláàsárì sókè. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àgbàlá ń wólẹ̀, jẹ́jẹ́ ni a ń dìde. Nígbà tí a jókòó ní ìparí rẹ̀, níbi tí olúkúlùkù ti ń jẹ́rìí nínú ara rẹ̀, mo ka gbólóhùn méjèèjì tí wọ́n ní kí n kà nínú mi, mo sì na ìka ìtọ́ka mi bí gbogbo wọn ṣe nà án.

Àáfà sálámà, ìrun parí, ó yí ojú padà sí àwọn jánmọ́ọ̀. Ó wò mí lórí ìjókòó mi fún ìgbà pípẹ́. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, tó wà ní ìlà iwájú.

Ó ní, "Gáníyù, ṣé ìwọ náà rí ẹni tó bá wa kírun?"

Bọ̀dá Gáníyù ń ká ẹní rẹ̀. Kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ìpàdé ti parí, Àáfà."